Matrix ni àbí Vibe? Ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí kí n tó sanwó

OníSùúrù (Abẹ́òkúta):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀ kan níbí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti ń rú mi lójú. Ẹni tó ń tà á ní Toyota Matrix 2005 ni. Àmì Toyota wà níwájú, ó wà lẹ́yìn. Àárín sítíárì nìkan ni kò sí àmì kankan, ibẹ̀ kàn rí borogidi bí ẹni pé wọ́n yọ nǹkan kúrò. Àmọ́ ojú ọkọ̀ yìí ò jọ ti Matrix tí àbúrò mi ń gùn. Imú rẹ̀ pín sí méjì bíi ti màlúù, iná iwájú rẹ̀ náà yàtọ̀. Mo bi í, ó ní, "Bọ̀dá, ti Kánádà nìyí, irú ẹ̀ ò pọ̀ ní Nàìjíríà." Mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa ní Voltz ni. Èkejì ní irọ́ ni, Pontiac ni. Iye tó ń pè é sì rèé, iye Matrix gan-an ni, kò dín kọ́bọ̀.

Ìyàwó mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ó máa ń kó ẹrù lọ sí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ tó gba ẹrù, tí ò ní fi owó epo pa wá, là ń wá. Kí ni mò ń wò yìí gan-an?

Mẹkáníìkì_Mókọ́lá (Ìbàdàn):
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn mẹkáníìkì yẹn. Ọmọ ìyá ni Matrix, Vibe àti Voltz, Corolla sì ni ìyá tó bí wọn. Toyota àti General Motors ló jọ ṣe wọ́n, 2002 ni wọ́n dé ọjà, tí àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní módẹ́ẹ̀lì 2003. Cambridge ní Ontario, Kánádà, ni Toyota ti ń to Matrix. Vibe, tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ Pontiac (ọ̀kan nínú orúkọ ọkọ̀ General Motors), Fremont ní California ni wọ́n ti ń tò ó. Fremont yẹn náà ni Voltz ti jáde, wọ́n wá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sí Japan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a dúró níbẹ̀, 2004 ló parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti dùn nìyí: ojú Vibe ni wọ́n fún Voltz, wọ́n kàn lẹ àmì Toyota mọ́ ọn ni. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ní ojú Vibe tó tún ní àmì Toyota wà láyé lóòótọ́, ilé iṣẹ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ọwọ́ wo ni sítíárì ẹ wà? Ọwọ́ ọ̀tún ni ti Voltz.

OníSùúrù:
Ọwọ́ òsì.

Mẹkáníìkì_Mókọ́lá:
Hmm.

ỌmọÀjàṣẹ́ (Porto-Novo):
Ẹ má tíì dájọ́. Wọ́n máa ń yí sítíárì láti ọ̀tún sí òsì, mo ti fojú ara mi rí Voltz kan tí wọ́n yí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì tó wà níbi ẹsẹ̀ èrò iwájú, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n fi irin dí ihò kan lára ògiri ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo wáípà náà. Ẹni tó bá yí sítíárì, wáípà kì í sábà rántí, á wá máa nu ẹ̀gbẹ́ èrò mọ́ tónítóní, á fi ti awakọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo mítà tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Kìlómítà ni ti Japan. Kìlómítà náà ni ti Kánádà. Tó bá jẹ́ máìlì ló wà níta lójú mítà, Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ̀yin náà ẹ wá mọ ohun tí ẹ máa sọ fún ẹni tó ń sọ Kánádà fún yín.

ÀgbàTexas (Houston):
Ẹ jẹ́ kí n bá yín pìtàn díẹ̀ kí OníSùúrù tó padà dé. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà nígbà tí mo dé ìlú yìí, Chevrolet Nova 1987 ni. Inú mi dùn pé mo ti ń gun ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ pààrọ̀ páàtì kan lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó ń tà á rẹ́rìn-ín, ó ní ti Corolla ni kí n mú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. General Motors ní ilé iṣẹ́ kan ní Fremont yẹn tó burú débi pé wọ́n tì í pa ní 1982. Òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá ń bá ara wọn jà, àwọn kan ò sì ń wá síbi iṣẹ́ mọ́. Láyé ìgbà yẹn, Amẹ́ríkà ti mú kí Japan gbà láti fi ìdíwọ̀n sí iye ọkọ̀ tó ń kó wọlé, Toyota wá ń wá ọ̀nà láti máa tò ó lórí ilẹ̀ wọn níbẹ̀. GM ní tiẹ̀ fẹ́ mọ àṣírí bí Toyota ṣe ń ṣe ọkọ̀ kékeré tí kì í bàjẹ́. Ni wọ́n bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ní 1984, wọ́n tún ilé iṣẹ́ yẹn ṣí, wọ́n pè é ní NUMMI. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà, àwọn ti tẹ́lẹ̀ náà ni! Wọ́n kó àwọn kan nínú wọn lọ sí Japan láti lọ kọ́ṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó bá rí i pé nǹkan ò lọ dáadáa lè fa okùn kan tó wà lókè orí rẹ̀ kí iṣẹ́ dúró títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ní ilé iṣẹ́ GM àtijọ́, ta ló tó bẹ́ẹ̀!

Nova ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀, títí di 1988. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n yí orúkọ padà sí Geo Prizm. Ní 1998, wọ́n tún pa orúkọ Geo tì, ó di Chevrolet Prizm títí di 2002. Corolla ni gbogbo wọn. Ilé kan náà ni Corolla gan-an ti ń jáde, ọwọ́ kan náà ló ń tò ó, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta méjèèjì ní tòkunbọ̀, Corolla á gbówó ju Prizm lọ. Kódà ní Australia, Corolla tún jẹ́ Holden Nova (Holden ni orúkọ ọkọ̀ GM níbẹ̀ nígbà yẹn) láti 1989 sí 1996. Nígbà tí Prizm kógbá sílé ni Vibe gba ipò rẹ̀ ní Fremont.

Ibi tó parí sí nìyí: GM wọ ilé ẹjọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2009 pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti sọ ṣáájú ìgbà yẹn pé Pontiac ò ní sí mọ́. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n to Vibe ìkẹyìn. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2010, Corolla ìkẹyìn jáde, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Tesla ló rà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí ọkọ̀ oníná Tesla lórí fóònù, abẹ́ òrùlé ibi tí wọ́n ti to Vibe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jáde. Matrix ní tiẹ̀ ṣì ń bá a lọ, 2013 ni ó kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà, Kánádà ta á di 2014.

Ìyá_Ìbejì (Ìbàdàn):
Ẹ̀gbọ́n Texas, ìtàn yín dùn o. Èmi ò mọ Fremont, mo kàn mọ ọkọ̀ mi ni. Vibe 2006, ọdún kẹfà rèé lọ́wọ́ mi, oúnjẹ òde àríyá ni mò ń sè.

OníSùúrù, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé ọkọ̀ yìí gba ẹrù ju ojú rẹ̀ lọ. Àga ẹ̀yìn máa ń dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, àga èrò iwájú náà máa ń dùbúlẹ̀, ẹ lè na pákó gígùn láti ẹ̀yìn dé ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì ló wà nílẹ̀ bọ́ọ̀tù, ike líle ni. Lọ́jọ́ kan tí mò ń lọ síbi ìyàwó ní Mọ́níyà, kúlà ọbẹ̀ ata kan dojú dé sẹ́yìn. Mo rò pé ọkọ̀ mi ti kú. Kànìnkànìn àti omi ọṣẹ ni mo fi fọ ọ́, kò kù síbẹ̀, òórùn pàápàá lọ. Gíláàsì ẹ̀yìn náà ń ṣí lọ́tọ̀ láìṣí ìlẹ̀kùn bọ́ọ̀tù, mo máa ń ti ibẹ̀ ju apẹ̀rẹ̀ ewé sínú nígbà tí ẹrù bá ti kún.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà. Ọlọ́kadà kan fọ́ iná iwájú mi lọ́tùn-ún. Mo dé Ládípọ̀, mo ní mo fẹ́ iná Vibe, wọ́n ní "Màdámù, Matrix àti Vibe, ọ̀kan náà ni." Mo ra ti Matrix, mo gbé e dé Ìbàdàn, kò wọlé. Kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gun ọkọ̀ olójú kan kí n tó rí Bẹ́líjọ́ọ̀mù tó bá a mu, iye tí mo rà á ò ṣeé sọ níbí, ọkọ mi wà lórí ìkànnì yìí.

Ohun tó yé mi nìyí: gbogbo ohun tí ojú rí níta, Pontiac ni: iná iwájú, iná ẹ̀yìn, bọ́ǹpà, bónẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà. Gbogbo ohun tí ojú ò rí, Toyota ni. Nígbà tí mo bá ń wá páàtì ẹ́ńjìnnì tàbí ti ẹsẹ̀, mi ò kì í dárúkọ Vibe rárá. "Ẹ fún mi ní ti Corolla 2006." Ó parí. Tí mo bá pe Vibe, wọ́n á ní kò sí, tàbí kí wọ́n fi owó kún un.

Danfó_Rẹtáyà:
Pontiac tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kú? Èmi ò lè ra òkú.

Ìyá_Ìbejì:
Òkú tó gbé mi dé Ìlọrin àti àbọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ kú danfó o, bàbá.

Mẹkáníìkì_Mókọ́lá:
😂 Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà. OníSùúrù, nígbà tí ẹ bá padà débi ọkọ̀ yẹn, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níbi awakọ̀, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ máa rí nọ́ńbà chassis, 17 ni, lẹ́tà àti òǹkà pọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn lẹ àmì, ọ̀tọ̀ ni nọ́ńbà yẹn. Matrix máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1. Vibe, 5Y2. Èyí tó ṣe ìkẹwàá láti òsì ló ń sọ ọdún. 5 níbẹ̀ túmọ̀ sí 2005. Ẹ wo sítíkà tó wà lára òpó ìlẹ̀kùn awakọ̀ náà, kí nọ́ńbà méjèèjì bára mu. Ẹ wo ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù lẹ́yìn náà, torí tí ìwé bá ń sọ Toyota tí chassis ń sọ Pontiac, ẹ̀yin lẹ máa máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá lójú ọ̀nà títí ayé.

Rẹ́wáyà_Gángan:
Èmi ni mo ń ṣe iná ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí 2005 ni ẹ pè é. Ẹ́ńjìnnì 1.8 inú àwọn Corolla, Matrix àti Vibe láti 2005 sí 2008, brain box rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì àti gíà) ní àléébù kan. Ibi tí wọ́n ti fi òjé jó o pọ̀ nínú lè sán. Ní 2010, Toyota pe èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà nítorí rẹ̀, Vibe wà lára wọn. Bó ṣe ń ṣe ni pé iná ẹ́ńjìnnì á tàn, gíà á máa já ọkọ̀ gbà, nígbà míì ọkọ̀ á kú lórí ìrìn, nígbà míì kò ní tiẹ̀ dáná.

Kí nìdí tí mo fi ń pariwo? Nítorí pé wọ́n gbé Matrix kan wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ gíà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì! Gíà ń gbá, wọ́n ní gíà ló bàjẹ́. Mo ṣí brain box, mo fi gíláàsì ìwòran wò ó, mo rí ìlà tín-ín-rín bí irun orí yí ẹsẹ̀ kan ká nínú òjé rẹ̀. Mo tún un jó, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí epo pupa. Gíà àkọ́kọ́ tí wọ́n jù nù, ó ṣeé ṣe kó má ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra gíà fún ọkọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo brain box ná.

Ẹ̀kejì: ihò iná kan wà nínú ọ̀pọ̀ wọn níwájú, oníhò méjì pẹlẹbẹ bíi ti ilé ní Amẹ́ríkà. 115 volt ni. Ṣájà fóònù tí wọ́n kọ 100–240 sí lára lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ má ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Ẹnì kan ti ṣe é, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Táyébọ̀_GT:
GT ńkọ́? Ẹnì kan fẹ́ ta Vibe GT fún mi.

Mẹkáníìkì_Mókọ́lá:
GT àkọ́kọ́ àti Matrix XRS àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n ṣe fún eré, ẹ́ńjìnnì mìíràn ni, 2ZZ-GE, agbára ẹṣin 180. Èyí tó kù, 1ZZ-FE, bíi 130. Tó bá ti kọjá 6,000 lórí mítà tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì ni agbára GT ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, epo tó dára jù ló sì fẹ́. Nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Bódìjà, ibo lo ti fẹ́ bá a dé 6,000? Fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń sáré.

Èyí tó jáde ní 2009 sókè, 1.8 inú rẹ̀ dára gan-an. 2.4 tó wà nínú àwọn kan ni kí ẹ ṣọ́, paápàá ti 2009. Ẹ́ńjìnnì tó jẹ ọ́ìlì nínú Camry "Muscle" lóun náà.

ÀgbàTexas:
Nísinsìnyí tí ẹ dárúkọ "Muscle", mo máa ń rẹ́rìn-ín. Camry "Pencil", Accord "End of Discussion", àwa Nàìjíríà ò gba orúkọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkèèrè. Vibe ló dé tí kò ní oríkì.

Mẹkáníìkì_Mókọ́lá:
Ó ní. "Matrix tí kì í ṣe Matrix."

OníSùúrù:
Ẹ kú ìdúró. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀.

Kò sí ihò dídí lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wáípà sì ń nu ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ dáadáa. Mítà, máìlì ló wà níta, kìlómítà kéékèèké wà nínú. Nọ́ńbà chassis bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5Y2, 5 wà níbi ìkẹwàá, ó bá ti ara ìlẹ̀kùn mu. Mo wá fi èékánná gbo etí àmì Toyota tó wà níwájú. Gọ́ọ̀mù funfun jáde lábẹ́ rẹ̀. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tó kó jáde lẹ́yìn tí mo takú, Pontiac Vibe ló wà níbẹ̀ gbangba. Mo fi hàn án. Ó ní, "Ṣebí Toyota náà ni, bọ̀dá?" Ẹ̀yin ará, kí ni kí n dá a lóhùn? Torí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀!

ỌmọÀjàṣẹ́:
Ẹ ní, "Toyota ni nínú, Pontiac ni níta, owó Pontiac ni mo sì kó wá."

Mẹkáníìkì_Mókọ́lá:
Òun gan-an. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ìwé rẹ̀ mọ́. Àmọ́ ẹ má tíì sanwó. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ kìlọ̀ pé kó má dáná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì; tó bá ti gbóná, ó ti ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń dáná: èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Irú ẹ́ńjìnnì yìí tó jáde ṣáájú 2002 ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọ́ìlì jíjẹ, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré. Wọ́n ti tún un ṣe nínú tiyín, àmọ́ ẹni tó bá ń pẹ́ kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì á tún dí i. Ẹ fa irin ọ́ìlì, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Ṣéènì ló ń yí tìmíǹgì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó bẹ́líìtì tìmíǹgì lọ́wọ́ yín.

ÀgbàTexas:
Ẹ kọ chassis yẹn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má gbé e síbí. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ibi tí èèyàn ti lè tẹ̀ ẹ́ sínú íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, nhtsa.gov, á sọ àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ pe ọkọ̀ náà padà fún tí wọn ò tíì ṣe lára rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni airbag Takata (ilé iṣẹ́ Japan tó ṣe é). Matrix àti Vibe 2003 sí 2007 wà lára àwọn tí wọ́n pè padà nítorí airbag ti èrò iwájú. Ooru àti ọ̀rinrin ló máa ń ba oògùn inú rẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ jẹ́ bọ́dún ti ń gorí ọdún. Tó bá wá bú, ó lè fọ́n irin sí èèyàn lára. Ooru àti ọ̀rinrin, ṣé Nàìjíríà nìyẹn àbí kì í ṣe òun? Sítíárì borogidi tí ẹ rí yẹn, ẹ jẹ́ kí Rẹ́wáyà wò ó bóyá airbag ṣì wà níbẹ̀ rárá.

OníSùúrù (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin):
Mo ti rà á. Bónẹ́ẹ̀tì tutù, kò sí èéfín, ọ́ìlì pé. Bàbá Texas rí i pé wọn ò tíì ṣe ti airbag èrò, mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi tú u kúrò dáadáa. Airbag sítíárì wà níbẹ̀, àmì Pontiac nìkan ni wọ́n yọ. Rẹ́wáyà kan níbí ṣí brain box, ó ní òun ò rí ìlà kankan, mo ya fọ́tò rẹ̀ fún Gángan. Ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ bínú, ó ní àwọn ará orí ayélujára ni wọ́n ba ọjà òun jẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé ₦450,000 kúrò lórí rẹ̀.

Ìyàwó mi kó ẹrù àdìrẹ wọ̀ ọ́ lánàá, tí àga fi dùbúlẹ̀, ó ní yàrá ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ kú oríire o! Ẹ máa gùn ún láyọ̀. Ẹ yọ àmì Toyota yẹn àbí ẹ fi sílẹ̀?

OníSùúrù:
Mo ti mú ìdè síkírù, mo ti ń yọ ọ́. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní ta ló ní kí n fọwọ́ kan Toyota òun.